Ike Òògùn Tí Ó Kọjú Sí Àlejò

Ẹ bá mi dìde fún ike fítámì tí ó ti òkè òkun dé. Ẹ má tíì jókòó, àgbà ni. Ìdérí rẹ̀ kò ṣeé ṣí àfi kí ènìyàn kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó tó yí i, bí ẹni tó ń tọrọ àyè lọ́wọ́ ìjòyè. Àwòrán arúgbó òyìnbó kan wà lára rẹ̀, eyín rẹ̀ pé, ó ń gun kẹ̀kẹ́ gòkè ní ọjọ́ orí tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ ń fọwọ́ ti ògiri rìn. Òwú funfun kan wà lọ́rùn rẹ̀ nínú, ẹnikẹ́ni kì í sì í jù ú nù, nítorí òwú òkè òkun ni. A kì í gbé irú ike bẹ́ẹ̀ pamọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù bíi pánádòó. Àárín tábìlì oúnjẹ ni ibùjókòó rẹ̀, ojú rẹ̀ a sì kọ sí ẹnu ọ̀nà, kí àlejò lè mọ̀ kó tó bọ́ bàtà pé àwọn ọmọ ilé yìí kàwé, wọn ò sì gbàgbé ilé.

Ní pálọ̀ bàbá mi ní Ẹ̀pẹ́, wọ́n tò lórí aṣọ tábìlì oníléèsì bí àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń dúró de gómìnà. Ìyá mi ló ń nù wọ́n. Ẹja yíyan ló ń tà, ọwọ́ rẹ̀ kì í kúrò nínú èéfín láti òwúrọ̀, síbẹ̀ mi ò rí ọjọ́ kan tí eruku bà lé àwọn ike wọ̀nyẹn. Bí àlejò bá wọlé tí kò tètè wo ọ̀hún, ìyá mi a sún ọ̀kan díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ wá àyè gbé omi àlejò sí.

Tẹ́lẹ̀, búrẹ́dì ni ọmọ fi ń kí òbí rẹ̀. Ẹni tó bá ń bọ̀ ní Ẹ̀pẹ́ á ra búrẹ́dì gígùn lójú ọ̀nà, á gbé e lé itan nínú ọkọ̀, ìdajì rẹ̀ á sì ti tẹ̀ kó tó délé. Kò sí ẹni tó ń lọ sílé lọ́wọ́ òfo. Àrùn kòrónà ló ba ọjà búrẹ́dì jẹ́. Ní àkókò tí gbogbo ayé ń bo imú, oníkálukú di dókítà lórí fóònù, wọ́n sì ní síǹkì ni kí àwọn àgbà máa lò kí àrùn má baà rí wọn gbé ṣe. Àrùn lọ. Síǹkì ò lọ.

Àwa mẹ́ta ni bàbá mi bí. Àǹtí mi, tó jẹ́ àkọ́bí, wà ní Kánádà, òògùn ìtọ̀ àgbàlagbà ọkùnrin ló sì máa ń fi ránṣẹ́. Bọ̀ọ̀dá mi tó tẹ̀ lé e ń gbé ní ẹ̀sítéètì kan ní Ìkòròdú, ó ń lọ síbi iṣẹ́ ní Èkó lójoojúmọ́, ó ń padà bọ̀ pẹ̀lú ojú bíi ti ẹni tí wọ́n fọ̀ tí wọn ò sá. Tirẹ̀ ni òògùn agbára tó máa ń hó nínú omi, àti ọ̀kan tó wà fún ojú. Síǹkì wà nínú gbogbo wọn. Ẹ̀yìn ike ni wọ́n kọ ọ́ sí ní lẹ́tà wínníwínní, ẹ̀yìn ike sì kọjú sí ògiri.

Èmi ni àbíkẹ́yìn. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì níwèé, mo sì máa ń kọ àwọn àròkọ tí mo fi ń ṣe ẹlẹ́yà. Mo ti kọ nípa ike fítámì rí. Mo pè é ní òrìṣà onídèérí, àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, bọ̀ọ̀dá mi ò bá mi sọ̀rọ̀ títí ọdún iléyá fi kọjá. Búrẹ́dì ni gbogbo ilé mọ̀ mọ́ mi.

Iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ni bàbá mi ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ó ń wa ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì lórí ọ̀sà láti Ẹ̀pẹ́ dé Ìpakodò ní Ìkòròdú, ó ń kó èrò, ó ń kó ẹrù, ó sì mọ̀ bí a ṣe ń gbé ìwúwo sí ọ̀tún àti sí òsì kí ọkọ̀ má fì. Bó ṣe wa ọkọ̀ náà ló ṣe tọ́ wa. Kò sí ọmọ tó lè sọ pé wọ́n fẹ́ràn èkejì ju òun lọ. Mo bá a lórí tábìlì láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń ṣí ike kan, ó ń dé e, ó ń ṣí òmíràn.

"Bàbá, ẹ̀yin nìkan lẹ fẹ́ gbé gbogbo eléyìí mì?"

"Ta ló kó wọn wá?"

"Àwọn ọmọ yín ni."

"Ó dáa. Tí mo bá lo ti Kánádà, tí mi ò lo ti ẹ̀gbọ́n ẹ, kí ni kí n wá sọ fún un?"

"Ẹ lè dá ti ẹnì kan dúró."

Ó na ọwọ́ sí mi, òògùn wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bí ẹ̀wà tí wọn ò tíì ṣà. "Yan ẹnì kan nínú wọn fún mi."

Ó da gbogbo rẹ̀ sẹ́nu, ó mu omi, ó ní "Alhamdulillahi."

Ìyá mi ló kọ́kọ́ fóònù. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, mo wà ní Ìgbògbò lọ́dọ̀ ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ìfọṣọ mi ṣe.

"Bàbá ẹ fi sálúbàtà ẹsẹ̀ kan rìn láti mọ́ṣáláṣí dé ilé."

"Wọ́n jí èkejì ni?"

"Wọn ò jí nǹkan kan. Ó bọ́ lójú ọ̀nà. Aládùúgbò wa ló ṣà á, tó ń pè é, tó ń pè é. Nígbà tó wolẹ̀ ló tó rí i pé ẹsẹ̀ òun wà lásán."

Mo rẹ́rìn-ín. Ìyá mi ò bá mi rẹ́rìn-ín.

"Yangí ló ń tẹ̀," ó ní. "Ẹsẹ̀ ẹ̀ ti bó. Kò mọ̀."

Nígbà tí mo dé Ẹ̀pẹ́, bàbá mi jókòó, ó na ẹsẹ̀ sórí àpótí, wọ́n ti fi aṣọ di àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní ara òun le, pé ẹsẹ̀ nìkan ló ṣe bí ẹni tó wọ ìbọ̀sẹ̀ nípọnnípọn tí kò ṣeé bọ́. Mo wo ìpéǹpéjú rẹ̀ nísàlẹ̀, ó funfun bí inú àgbọn. Ọkùnrin tó ń dúró lórí ọkọ̀ nígbà tí ìgbì bá ń gbé e, ó dìde láti lọ ṣe àlùwàlá, ó di férémù ilẹ̀kùn mú, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kó tó gbé e, bí ẹni tó ń wo ẹsẹ̀ ẹlòmíràn.

Ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà ládùúgbò, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. Wọ́n fún un ní òògùn ẹ̀jẹ̀ onírin. Ìyá mi ń gún ewé úgú, ó ń fún omi rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kò gòkè. Wọ́n tún un yẹ̀ wò, ó tún ti lọ sílẹ̀ sí i. Àwa ọmọ wá ṣe ohun tí àwa ọmọ mọ̀ ọ́n ṣe. Àǹtí mi fi páálí òògùn ránṣẹ́ nípasẹ̀ ẹnì kan tó ń bọ̀. Bọ̀ọ̀dá mi ra èyí tó ń hó ní ìlọ́po, ó sì fi ohùn ránṣẹ́ lórí fóònù pé kí Bàbá má fo ọjọ́ kankan. Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń lọ sílẹ̀ ni ike ń pọ̀ sí i, títí ìyá mi fi ní láti gbé àwo oúnjẹ wa lé itan.

Lẹ́yìn náà ni bàbá mi ṣubú níbi àlùwàlá. Kò yọ̀, ilẹ̀ gbẹ. Ó kàn gbé ẹsẹ̀, kò sì mọ ibi tí ó gbé e sí. Bọ̀ọ̀dá mi wá pẹ̀lú mọ́tò rẹ̀, ó ní òun mọ ọsibítù aládàáni kan ní Ìkòròdú, pé dókítà ibẹ̀ kì í fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Kí a tó jáde, ìyá mi kó gbogbo ike orí tábìlì sínú báàgì "Ghana must go" kékeré. Mo rò pé dókítà ló fẹ́ fi hàn. Ó ní rárá, kí Bàbá má baà pàdánù ọjọ́ kankan tí wọ́n bá dá a dúró ni.

A gba ojú ọ̀nà Ìtóìkín. Bàbá mi wà níwájú, ọwọ́ rẹ̀ di bẹ́líìtì mú. Ó bi bọ̀ọ̀dá mi léèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé, "Ṣé ọsibítù ńlá ni?"

"Kékeré ni, Bàbá."

"Ó dáa."

Ọ̀rẹ́ bàbá mi kan tí wọ́n jọ wa ọkọ̀ lórí ọ̀sà ni wọ́n gbé lọ sí ọsibítù ńlá kan nítorí ẹ̀jẹ̀. Wọ́n gún un nínú egungun ìbàdí láti wo mùdùnmúdùn rẹ̀, kò sì padà wálé. Àìsàn ló pa á, kì í ṣe abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n bàbá mi ti so méjèèjì pọ̀, kò sì sí ẹni tó lè tú u.

Dókítà náà jẹ́ obìnrin, kò dàgbà jù mí lọ. Ó ní kí bàbá mi di ojú, ó di àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó gbé e sókè.

"Bàbá, mo gbé e sókè àbí mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀?"

"Ìwọ lo mọ̀, ọmọ mi. Ọwọ́ ẹ ló wà."

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, a jókòó. Nígbà tí èsì jáde, dókítà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ pupa nìkan ló dín kù, ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń bá àrùn jà náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ó ní ibà lásán lè gbé e lọ. Ó ní irú èyí máa ń jẹ́ àìsàn inú mùdùnmúdùn egungun, pé ọsibítù ńlá ni òun gbọ́dọ̀ fi í ránṣẹ́ sí lọ́jọ́ náà gan-an kí wọ́n gún egungun ìbàdí wò.

Bàbá mi gbé ọwọ́ lé ìbàdí, bí ẹni pé wọ́n ti fẹ́ gún un.

"Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ yẹn ló ń dà mí láàmú," ni dókítà wí. "Àìsàn mùdùnmúdùn kì í sábà mú ẹsẹ̀ kú. Kí ni wọ́n ń lò nílé?"

Ìyá mi ṣí báàgì. Dókítà gbé ike àkọ́kọ́, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú. Mo wò ó bó ṣe ń kà á. Ó gbé èkejì. Ó gbé ẹ̀kẹta. Nígbà tó dé ti ojú, ó fi ìka kàn án.

"Síǹkì," ó ní. "Síǹkì. Èyí náà síǹkì."

"Èyí tí a fi ń bo orí ilé?" ni ìyá mi béèrè.

"Ara wa náà ń lò ó, Màmá, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni. Òun ló ń jẹ́ kí egbò san, òun ló ń jẹ́ kí ẹnu mọ adùn oúnjẹ. Ọmọ tó bá ń ya ìgbẹ́ gbuuru, a máa ń fún un lẹ́yìn omi oníyọ̀. Kí ni Bàbá máa ń jẹ?"

"Ẹja. Akàn. Ẹ̀wà. Ẹran, tí owó bá wà."

"Síǹkì tí wọ́n nílò ti wà níbẹ̀. Tó bá pọ̀ jù nínú ìfun, kì í jẹ́ kí kọ́pà ráyè wọ ara. Bàbà pupa yẹn tó máa ń wà nínú wáyà iná, a nílò bíńtín rẹ̀ láti fi ṣe ẹ̀jẹ̀, láti fi tọ́jú iṣan. Tí kò bá sí, ẹ̀jẹ̀ á máa lọ, ẹsẹ̀ á kú. Tó bá jẹ́ ìyẹn ló ń ṣe Bàbá, a ó dá síǹkì dúró, a ó fún wọn ní kọ́pà, ẹ̀jẹ̀ á padà. Ẹsẹ̀ ni mi ò lè ṣèlérí. Ó sinmi lórí bó ṣe pẹ́ tó."

Bọ̀ọ̀dá mi ti pe Kánádà, ó gbé fóònù sórí tábìlì kí gbogbo wa lè gbọ́.

"Tèmi kì í ṣe síǹkì o!" ni àǹtí mi ń pariwo. "Ti ìtọ̀ ni! Ẹ bá mi sọ fún dókítà, ti ìtọ̀ ni!"

"Ó wà nínú ẹ̀, Mà," ni dókítà wí. "Mo ń kà á lọ́wọ́."

"Báwo ló ṣe máa wà níbẹ̀? Àwọn èèyàn mi ń lò ó níbí, wọn ò ṣubú!"

"Wọn ò lò ó pọ̀ mọ́ méjì mìíràn."

"Mo ti sọ ọ́," ni bọ̀ọ̀dá mi bẹ̀rẹ̀. "Mo ti sọ pé kí a dín in kù."

"Ìwọ! Ìwọ tó ń kó o wá bí ẹni tó fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù! Ìwọ tó ń ya fọ́tò rẹ̀ sórí pèpéle ẹbí lórí fóònù!"

"Àǹtí, ti ta ló ń hó nínú omi tó tún ń run kíndìnrín ènìyàn? Àbí ẹ ò..."

"Tìẹ ni, òmùgọ̀! Tìẹ ló ń hó!"

Ìyá mi ní kí wọ́n dákẹ́. Bọ̀ọ̀dá mi nu ojú rẹ̀, ó na ìka sí mi. "Ẹ wò ó, ká sọ òótọ́. Ó dáa kí gbogbo wa ṣe bíi ti àbúrò. Ó fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, inú bí wa. Búrẹ́dì nìkan ló ń gbé wá. Búrẹ́dì kì í pa ènìyàn."

"Ó gbọ́n jù wá lọ," ni àǹtí mi wí láti Kánádà, ó sì ń sunkún. "Ó gbọ́n jù wá lọ."

Dókítà ti ń ṣírò lọ́kàn, ètè rẹ̀ ń mì. Ó to àwọn ike náà, ó tú wọn ká, ó tún tò wọ́n. Lẹ́yìn náà ó mi orí.

"Kò tó," ó ní.

"Kí ni kò tó?" ni mo béèrè. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo sọ láti ìgbà tí a ti wọlé nìyẹn.

"Èyí pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò pọ̀ tó láti sọ ènìyàn di báyìí. Mo lè fi ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ kí wọ́n wo kọ́pà, àmọ́ èsì rẹ̀ máa ń pẹ́, mi ò sì lè fi ẹni tí kò ní ẹ̀jẹ̀ funfun jókòó máa dúró dè é. Ṣé òmíràn wà nílé? Òògùn èyíkéyìí. Tó fi mọ́ èyí tí wọ́n fi ń lẹ eyín àtọwọ́dá, síǹkì máa ń wà nínú òun náà. Bàbá, ṣé eyín yín ni?"

"Tèmi ni, ọmọ mi. Òun ni mo fi ń fọ́ akàn."

"Kò sí nǹkan mìíràn tí ẹ ń gbé mì?"

Bàbá mi wo àjà. Fáànù ń yí níbẹ̀, ó ń dún kẹ́kẹ́. Kò sọ pé ó wà, kò sọ pé kò sí.

"Màmá?"

"Gbogbo ohun tó wà lórí tábìlì nìyí," ni ìyá mi wí. Òótọ́ ló sọ.

"Kò burú." Dókítà gbé fóònù rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n pe ọsibítù ńlá. Ẹ bá wọn gbé aṣọ díẹ̀ wá. Wọ́n máa gún egungun yẹn lọ́la."

Ọwọ́ bàbá mi tún padà sórí ìbàdí. Kò wò mí. Ká ní ó wò mí ni, gbogbo rẹ̀ ì bá ti parí, ṣùgbọ́n ó tẹjú mọ́ fáànù yẹn bí ẹni tó ń wo ojú ọjọ́ lórí ọ̀sà, mo sì mọ̀ pé kò ní wò mí. Yóò jẹ́ kí wọ́n gbé òun lọ. Yóò jẹ́ kí wọ́n gún òun. Mo gbọ́ tí fóònù ọsibítù ńlá ń dún létí dókítà. Mo gbọ́ tí ẹnì kan gbé e.

"Dókítà," ni mo wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná."

Ó gbójú sókè.

"Ike kan ṣì wà."

"Níbo?" ni ìyá mi béèrè.

"Nínú àpò jalamíà wọn dúdú, lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá."

Ní ṣọ́ọ̀bù òògùn kan ní Benson, ní Ìkòròdú, ni mo ti rà á. Mo ní kí wọ́n fún mi ní èyí tó lágbára jù. Síǹkì nìkan ló wà nínú ẹ̀, kò sí òmíràn tó bù ú là. Ọjọ́ kan ni àlejò wá sí pálọ̀ wa ní Ẹ̀pẹ́, bàbá mi sì ń nawọ́ sí tábìlì, ó ní, "Eléyìí, láti Kánádà. Eléyìí, ẹni tó wà ní Èkó ló rà á." Nígbà tó kàn mí, ó ní, "Àbíkẹ́yìn mi nìyí, òun ló máa ń ra búrẹ́dì." Àlejò náà ní búrẹ́dì dára. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo gbé ike náà wá sínú láílọ́ọ̀nù dúdú. Mo sọ fún bàbá mi pé láàárín èmi àti òun ni, nítorí àwọn tó ń ka ìwé mi, nítorí ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní kò sí wàhálà, pé gbogbo ọmọ òun ló dọ́gba. Nígbà tó tán, mo ra òmíràn. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ sálúbàtà, mo tún ra òmíràn.

Dókítà ti gbé fóònù sílẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀melòó lójúmọ́?"

"Láàárọ̀ àti lálẹ́. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn."

"Ó tó báyìí," ni dókítà wí. Àǹtí mi ṣì wà lórí fóònù, mo ń gbọ́ èémí rẹ̀.

Èmi náà gbé tèmi wá. Mo kàn ní kí wọ́n má gbé e sórí tábìlì ni.